Ojú Kejì Wàláà

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyá àgbà yín rí ara wa kẹ́yìn, ó gbé wàláà kan ti ògiri ẹ̀yìnkùlé kí tàdáà tó fi kọ ojú rẹ̀ lè gbẹ, ó nu ọwọ́ sí etí ìró rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé, "Bàbá Déọlá, ojú tèmi ti parí. Ó ku ojú tiyín." Ìwé ìròyìn ni mo ń kà. Mo ní, "Lọ́la." Ó dárúkọ ọmọ ọmọ wa, ó ní, "Àrìkẹ́ máa béèrè o, tó bá ti ilé ìwé dé." Mo tún ní, "Lọ́la, Ìyá Déọlá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wọlé lọ ṣa ẹ̀wà. Kò sí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àyà ti dùn ún, a ti gbé e dé ọsibítù, wọ́n sì ti sọ fún wa pé kò sí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Túndé, ẹ kò bá a láyé, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ fún yín. Nígbà tí ẹ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, mo rí i pé orí fóònù ni ẹ ti ń kọ́ ìwé. Ẹ ó fi ìka kan lẹ́tà, fóònù á pè é, ẹ̀yin náà á pè é tẹ̀ lé e. Kò burú. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú yín nawọ́ sí wàláà kan ṣoṣo tó kù lára ògiri yàrá mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹran ni?" Mi ò bínú sí i. Ohun tó kọ́ bàbá rẹ̀ ní ìwé ni ó ń pè ní pátákó ẹran, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹni tó yẹ kó sọ fún un ló dákẹ́.

Wàláà ni igi pẹlẹbẹ tí ọmọ kéwú fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó gùn tó apá ọmọ ọdún méje, wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ bí ohun tí ènìyàn lè dì mú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dán. Olùkọ́ á kọ ìwọ̀nba tí orí ọmọ lè gbé sí i. Ọmọ á gbé e lé itan, á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tọ́ka sí i, á máa kà á lákàtúnkà títí yóò fi há a sórí. Lọ́jọ́ tó bá há a, wọn á fi omi fọ ojú wàláà náà, wọn á kọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ ilé kéwú ní Ajégúnlẹ̀ ti pa wàláà tì. Ìwé kékeré tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n ń rà fún ọmọ. Ìyá àgbà yín kò gbà. Ó ní ìwé títẹ̀ máa ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ, nítorí ọmọ mọ̀ pé òun á tún bá a níbẹ̀ lọ́la. Ó ní ohun tí ènìyàn bá ti mọ̀ pé wọ́n máa fọ̀ nù, òun ló máa ń yára gbé sínú.

Tàdáà tó fi ń kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Dúdú ìdí ìkòkò ló máa ń ha, á pò ó mọ́ omi àti oje igi tí yóò jẹ́ kó lẹ̀. Nígbà tí owó oṣù mi sún díẹ̀, mo ra sítóòfù onígáàsì, ìdí ìkòkò wa wá ń dán bí àwo. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó wo ìdí ìkòkò náà títí, ó ní, "Bàbá Déọlá, ẹ mà ti lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́." Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja, obìnrin Ìlàjẹ tó ń yan ẹja lẹ́yìn ọgbà wa, ló ti ń lọ ha dúdú ara irin tí obìnrin náà fi ń yan ẹja. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀kọ́ ilé wa ló ń rùn bí ẹja yíyan. Títí di òní, Déọlá sọ pé bí òun bá gba ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja kọjá, ẹnu òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ka kéwú láìjẹ́ pé òun rán an níṣẹ́.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi. Ní Warehouse Road ní Apapa ni mo ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Sẹ̀fíyà, ìyá àgbà yín, ọmọ ààfáà ni ní Amukoko. Bàbá rẹ̀ kò bí ọmọkùnrin, òun ló sì kọ́ ní gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, bàbá náà pè mí, "Akọ̀wé."

Mo ní, "Bàbá."

Ó ní, "Mo fún ọ lọ́mọ mi. Mi ò fún ọ ní kéwú tó wà lórí rẹ̀. Bí kéwú yẹn bá kú sílé rẹ, èmi àti ìwọ ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kò ní kú. Kò fi ìhàlẹ̀ sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù ẹlẹgẹ́ ru ẹlòmíràn, tó sì ń wò bóyá ọrùn onítọ̀hún le tó.

Ìyá tèmi náà kò dákẹ́. Ó bi wá pé, "Àwọn ọmọ tí ẹ bá bí, ti ta ni wọ́n máa jẹ́?" Sẹ̀fíyà kúnlẹ̀ dá a lóhùn, "Màmá, ọmọ ọmọ yín ni wọ́n máa jẹ́." Ọjọ́ tí a sọ Déọlá lórúkọ, ààfáà wá láàárọ̀, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wá kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyá mi fi oríkì tirẹ̀ kún un. Ọmọ náà sun oorun kọjá gbogbo wọn.

Ojúlé mẹ́wàá ló wà nínú ọgbà wa ní Amukoko, kò sì sí èdè tí ẹ ò ní gbọ́ níbẹ̀. Láàárọ̀, ohùn àkọ́kọ́ ni ìpè àdúrà, lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn agogo ni fèrè ọkọ̀ ojú omi láti èbúté, ohùn rẹ̀ nípọn bí ìgbà tí màlúù bá ń pe ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí èbúté Tin Can bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, a tún ń gbọ́ àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń hanrun tàbí tí wọ́n ń jà lórí ààyè. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí ìyá àgbà yín bá ti kírun tán tó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn ọmọ ló ń borí. Ọmọ mẹ́jọ, ọmọ mẹ́wàá, kálukú ń ka ti wàláà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ariwo lásán ni. Òun tó jókòó sí àárín wọn tó ń gé ilá, á kàn gbé ojú sókè, á ní, "Ìwọ tó fo ọ̀rọ̀ kan yẹn, padà." Á sì rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ mùsùlùmí nìkan ló ń wá. Ọmọ tó bá há ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì fọ wàláà rẹ̀, ìyá rẹ̀ á din àkàrà, wọn á pín in yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká. Àkàrà yìí ló ń fa àwọn tó kù. Ọmọbìnrin Íbò kan wà tó ń jẹ́ Ńgọ́zì, ojúlé kejì sí tiwa. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, á ní, "Mama Slate, my own akara nko?"

Ìyá àgbà yín á ní, "Akara no dey run. Siddon, read first."

"But I no be Muslim."

"Akara sef no be Muslim. Siddon."

Ńgọ́zì jókòó. Láàárín ọdún kan, òun ló ń tún ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn ṣe. Màmá rẹ̀ wá bá wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ jà, ó ní ọmọ òun ń ka nǹkan lójú oorun. Kó tó sọ èyí tó kù, ó rí ìwé ilé ìwé ọmọ náà lórí ẹsẹ̀ mi, tí mò ń bá a wò ó. Ó padà sílé, ó sì fi abọ́ ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú máa ń tì mí tí mo bá rántí ipa tèmi níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá yín, Túndé, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí láti ọ́fíìsì. Ó fi ìwé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, sà. Ẹ̀yìn ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀." Òótọ́ ni. Túndé ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, ó sì kọ ABD láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọ wàláà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró ṣinṣin, ó mọ́, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń rìn padà sílé. Tíṣà ní, "Ṣé ara ọmọ náà yá báyìí?" Mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orin tẹ̀ lé e: "Ríbáàsì! Ríbáàsì!" bí àwọn tó ń darí ọkọ̀ àjàgbé ṣe máa ń pariwo ládùúgbò wa. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

Mo dé ilé, mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Mo ní, "Ìyá Déọlá, kó wàláà wọ̀nyẹn kúrò nílẹ̀."

Ó ní, "Títí di ìgbà wo?"

Mo ní, "Títí ọmọ yìí yóò fi mọ ibi tí ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlera fún mi."

Kò bá mi jiyàn. Ó kó gbogbo wọn sínú àpótí abẹ́ ibùsùn, ó ti àpótí náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fi dákẹ́. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n Túndé kò ka kéwú, kò sì ka ABD pẹ̀lú. Bí mo bá ṣí ìwé síwájú rẹ̀, á pa ẹnu dé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan mo fi ohùn líle bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ní apá òsì la ti ń bẹ̀rẹ̀. Màmá ní apá ọ̀tún ni. Ta ló ń parọ́ nínú yín?"

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bi wá kí á tó fẹ́ra ni ọmọ náà tún bi wá, ó kàn gba ọ̀nà mìíràn yọ ni.

Sẹ̀fíyà dìde. Ó ṣí àpótí, ó mú wàláà kan jáde, ó kọ tirẹ̀ sí ojú kan bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ó gbé e tì kó gbẹ. Nígbà tó gbẹ, ó yí i padà, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì fi kálámù tó fi ń kọ wàláà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ojú méjì ni wàláà ní, Bàbá Déọlá. Bàbá mi kì í lo èkejì, ó ṣófo láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹ kọ tiyín síbẹ̀. Kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí i pé igi kan náà ni." Bíìrò ló mọ́ mi lára, tàdáà náà kán sí mi ní ṣòkòtò. Ó ní, "Ẹ máa rọra, akọ̀wé àgbà." Túndé rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gba wàláà náà, ó tọ́ka sí ojú ìyá rẹ̀, ó ní, "Ti Màmá, ọ̀tún." Ó yí i, ó ní, "Ti Bàbá, òsì." Ó tán. Ohun tí àwa àgbà ń fi ìdílé méjì jà lé lórí, ọwọ́ ni ọmọ náà fi yí i. Ẹ bi bàbá yín léèrè ọ̀rọ̀ Ríbáàsì. Yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wàláà ilé wa ti ní ojú méjì. Lórí ojú tèmi, mo kọ́kọ́ ń kọ ABD, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọ, gbogbo orúkọ rẹ̀, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fún un, èyí tí ààfáà fún un àti oríkì rẹ̀. Bí ọmọ bá ti mọ̀wé díẹ̀, mo ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà: "Ìyá Ẹlẹ́ja ta ẹja rẹ̀ tán lónìí." "Ńgọ́zì jẹ àkàrà mẹ́fà." Àwọn ọmọ á sáré yí wàláà wò, bóyá orúkọ tàwọn ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà yín sì fi òfin kan lélẹ̀: a kì í fọ wàláà tí ojú kan rẹ̀ ṣófo. Ọmọ gbọ́dọ̀ ka méjèèjì kí omi tó kan án.

Ní Iléyá àti ní Kérésìmesì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹran, ọmọ tó kéré jù nílé á gbé wàláà dúró níwájú àlejò, á ka ojú méjèèjì. Ní Kérésìmesì kan, ẹ̀gbọ́n mi tó ti Abẹ́òkúta wá wúkọ́, ó ní, "Ṣé kéwú la fẹ́ gbọ́ lónìí náà?" Ìyá àgbà yín ń bu ìrẹsì, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu tó kọ́ ọmọ yìí ní kéwú náà ló tọ́ ọbẹ̀ tó wà níwájú yín yẹn wò. Ṣé kí n gbé e kúrò ni?" Ẹ̀gbọ́n mi di abọ́ rẹ̀ mú.

Ìfọ̀ wàláà, òun nìkan ló ń ṣe é. Ó ní bàsíà funfun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi fọ ohun mìíràn. Á bu omi tó mọ́ sí i, á fi ọwọ́ fọ tàdáà náà kúrò, á wá fi ewé ìpín ha ojú igi títí yóò fi dán padà. Omi tó bá kù, kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹ mọ̀ pé sìmẹ́ńtì àti gọ́tà nìkan ló wà ní ọgbà wa, kò sí ilẹ̀ tó ṣófo tó àtẹ́lẹwọ́. Ó kó erùpẹ̀ sínú bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan tó ti ya, ó gbin ewúro sí i, ìdí rẹ̀ ló ń da omi wàláà sí. Ewúro náà gbó dáadáa. Gbogbo ọgbà ló ń já a sọ́bẹ̀, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi á kọ ojú tèmi, màá padà sídìí ìwé ìròyìn mi. Mi ò fọ wàláà rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ayé yí. Àwọn ọmọ ọgbà dàgbà, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń lọ sí lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kó kúrò nítorí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó dí gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó kẹ́yìn lórí ẹní ni Àrìkẹ́, àkọ́bí Déọlá, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa kí ìyá rẹ̀ lè rí ààyè ṣiṣẹ́ ní Apapa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Tirẹ̀ ni wàláà tí ìyá àgbà yín kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó gbé ti ògiri, tí mo ní lọ́la.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe wí. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí àwọn ènìyàn lọ, mo gbé wàláà náà wọ yàrá. Kò sí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ lára ohun mìíràn nílé. Obìnrin tó kọ̀wé fún ogún ọdún ó lé, kò fi ẹyọ ìwé kan sílẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó kọ pátá la ti fọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àrìkẹ́ wá bá mi. "Bàbá àgbà, mo ti há a."

Mo ní kó kà á. Mi ò mọ kéwú, ṣùgbọ́n etí tó gbọ́ ọ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn mọ ibi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀. Kò kọsẹ̀ rárá. Mo ní, "Ó kù díẹ̀. Tún un kà." Ó lọ. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Mo ní, "Kò tíì dán." Ó padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo tún rí àléébù tí kò sí níbẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, sà."

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Déọlá wá. Ó jókòó tì mí. "Bàbá, ọmọ yìí ti há ẹ̀kọ́ rẹ̀ tipẹ́. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ọwọ́ ìyá rẹ ni, Déọlá. Kò sí òmíràn mọ́."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ya wàláà náà ní fọ́tò, ó fi hàn mí. "Ó ti wà níbí báyìí, Bàbá. Kò lè sọ nù mọ́." Mo wò ó. Ó hàn kedere. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo ní, "Kò rùn bí ẹja."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ sọ fún bàbá Màmá lọ́jọ́ tí ẹ lọ tọrọ rẹ̀?"

Mo ní, "Mo ní kò ní kú."

Ó ní, "Bàbá, wàláà tí wọn ò fọ̀, ó ti kú nìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́. Èmi ni màá kọ èyí tó kàn fún un, mo ṣì rántí." Ó dìde, ó lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé wàláà náà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ́ ẹní, mo pe Àrìkẹ́. Mo ní, "Kà á. A máa fọ̀ ọ́ lónìí." Ó mú ẹyọ ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbi kan náà, ibi tí kò dúró sí rí.

Mo ní, "O gbàgbé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ kò sí lára wàláà, ọwọ́ mi ló ń wò, nítorí ọwọ́ mi kò tíì kúrò lára igi náà. Mo ní, "Àrìkẹ́, o ò gbàgbé."

Ó ní, "Bí mo bá kà á tán, ẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ ò sì fẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ, irú olùkọ́ tí mo jẹ́ fún un láti ìgbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kú nìyẹn: mo kọ́ ọ kó mọ̀ ọ́n, kó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Láàárín ogójì ọjọ́, mo fẹ́ ba ohun tí obìnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe jẹ́, mo sì pè é ní ìfẹ́. Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ìgbà àkọ́kọ́ lo ti mọ̀ ọ́n, mo parọ́ fún ọ." Ó mi orí. Kò yà á lẹ́nu. Ó yí wàláà náà padà, ó ní, "Ṣùgbọ́n ojú tiyín ṣófo, Bàbá àgbà. Màmá àgbà ní a kì í fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀. Lọ mú kálámù rẹ̀ wá."

Tàdáà tó kù ti gbẹ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Àrìkẹ́ kán omi sí i, ó rò ó, òórùn ẹja yíyan sì dìde láàárín wa. Mo gbé wàláà lé ẹsẹ̀. Mo ronú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ní lọ́la, èyí tó yẹ kí n kọ sílẹ̀ nígbà náà. Mo kọ ọ́ láti apá òsì, mo rọra: "Sẹ̀fíyà ló kọ ojú kejì."

A dúró kó gbẹ. Àrìkẹ́ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kà á sókè. Ó yí wàláà padà, ó ka ojú ìyá àgbà rẹ̀ láti ọ̀tún títí dé òpin, kò dúró níbì kankan.

Mo lọ gbé bàsíà funfun náà. Mo bu omi sí i, mo ká apá aṣọ mi. Ojú tèmi ni mo kọ́kọ́ fọ̀. Lẹ́yìn náà mo yí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé tirẹ̀, mo sì fọ̀ ọ́ kúrò láti ọ̀tún lọ sí òsì, bó ṣe kọ ọ́. Omi náà dúdú. Mo fi ewé ìpín ha ojú igi méjèèjì títí ó fi dán. Mo fi ọwọ́ méjì gbé bàsíà lọ sídìí ewúro, mo rọra da omi náà kí ó má ta sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé wàláà ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, níbi tí oòrùn ń dé, kí atẹ́gùn lè kan ojú méjèèjì, kí wọ́n sì gbẹ.